Ara ògiri ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ìdáhùn fún ìyá kan ní Ẹ̀pẹ́ tí iná ẹ̀ẹ̀rùn ń bà lẹ́rù

Ìyá kan tó ń gbé lẹ́yìn Póka, ní Ẹ̀pẹ́, ló kọ̀wé sí mi. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Àwọn àti ọmọ-ọmọ wọn méjì ló wà nínú ilé. Wọ́n ní nínú ọyẹ́ tó kọjá, ẹnì kan dáná sun oko, iná sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó jà títí ó fi dé orí ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọgbà wọn, ó jó igi àgbọn kan nínú ọgbà, ó sì yọ́ tánkì omi, kí àwọn ará àdúgbò tó fi imọ̀ ọ̀pẹ tútù lù ú pa. Ohun tí wọ́n bi mí nìyí: "Ṣé kí n gé gbogbo igi inú ọgbà mi ni? Ṣé fẹ́ǹsì tí mo ṣe yí ilé ká kò tó ni? Kí sì ni mo lè ṣe sí pulọ́ọ̀tì méjì tó wà lẹ́yìn mi tí n kò mọ ẹni tó ni wọ́n? Owó ìfẹ̀yìntì mi ni mo fi kọ́ ilé yìí."

Ẹ kú ewu o, Ìyá wa. Ẹ kú oríire pé kò ju igi àgbọn àti tánkì lọ. Màá dáhùn gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ṣe kókó jù, tó jẹ́ pé bí ẹ bá ṣe é láì ṣe ìyókù, ẹ ti gba ilé yín sílẹ̀ dé ìwọ̀n tó pọ̀. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti inú igbó wá sílé. Ara ògiri ilé gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá máa ṣiṣẹ́ lọ síta.

Mo mọ̀ pé ohun tó wà lójú yín ni iná gíga tó dúró lẹ́yìn fẹ́ǹsì lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó bá rí i kò lè gbàgbé. Àmọ́ iná koríko kì í pẹ́ lójú kan. Koríko tín-ín-rín ni, kíá ló ń jó tán, iná á sì kọjá lọ sí iwájú. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí a rẹ́ dáadáa kò lè torí ìyẹn gbiná. Ohun tó ń jó ilé ní tòótọ́ ni ẹyín iná wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbé ṣáájú iná: ìdajì ewé ọ̀pẹ tó ṣì ń pọ́n, èèpo igi, àjákù koríko. Wọ́n á fò kọjá orí fẹ́ǹsì, wọ́n á bọ́ sórí ẹní tí a sá sí ìta, sínú ewé gbígbẹ tó wà nínú gọ́tà, sábẹ́ pákó tí káfíńtà kó tì. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa jó díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó rí wọn, nítorí gbogbo ènìyàn ti sá lọ bá iná ńlá ní ẹ̀yìnkùlé. Ìgbà tí a bá fi máa rí èéfín lábẹ́ òrùlé, iná ńlá yẹn lè ti kọjá lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Jack Cohen, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ pẹ̀lú iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó igbó, wà lára àwọn tó fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Wọ́n gbé ògiri pákó dúró níwájú igbó kan ní Kánádà, wọ́n sì fi iná sí igbó náà. Pákó lásán, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù. Àwọn tó wà ní mítà 10 sí iná lè gbiná. Èyí tó wà ní mítà 30 kò gbiná rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná igi ńlá ló ń jó níwájú rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí fà yọ nínú rẹ̀ ni pé ilé fúnra rẹ̀, àti ilẹ̀ tó yí i ká títí dé nǹkan bíi mítà 30, ló ń pinnu bóyá ilé á jó tàbí kò ní jó. Igbó tó wà ní kìlómítà kan sí yín kò lágbára tó bí ẹ ṣe rò. Ewé gbígbẹ tó wà lábẹ́ fèrèsé yín ló lágbára.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé iná koríko lásán kò lè ba ìlú jẹ́. Koríko gíga kan wà tí àwọn olóko wa mọ̀ dáadáa, tí màlúù fẹ́ràn, tí wọ́n ń pè ní Guinea grass. Ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni wọ́n ti gbé e lọ sí erékùṣù Hawaii láti fi bọ́ ẹran. Nígbà tí àwọn oko ìrèké ibẹ̀ kógbá sílé, koríko yìí gba ilẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ìjì líle bá a lásìkò tó gbẹ, iná sì wọ ìlú Lahaina. Ilé tó lé ní 2,000 jóná, nǹkan bí ènìyàn 100 ló sì kú. Koríko tiwa ni, Ìyá wa. Òun náà ló wà lórí pulọ́ọ̀tì méjì tó wà lẹ́yìn yín, pẹ̀lú ẹ̀sun àti ẹ̀kan. Ohun tó yọ wá ni pé ọ̀rinrin wa pọ̀, afẹ́fẹ́ wa kì í le tó tiwọn, búlọ́ọ̀kù sì ni a fi ń kọ́lé. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, bí ọyẹ́ bá mú, ọ̀rinrin náà ń lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí ara ògiri.

Ẹ wọn ẹsẹ̀ bàtà 5 láti ara ògiri síta, yípo ilé. Ní gbogbo ibi tí ẹ wọ̀n yẹn, kí ohunkóhun tó lè jó má ṣe sí níbẹ̀. Kí ó jẹ́ kọnkéré, interlock, òkúta wẹ́wẹ́ tàbí yanrìn lásán tí a ń gbá lójoojúmọ́. Àwọn ìyá wa àtijọ́ tó ń gbá àgbàlá títí ilẹ̀ fi ń dán mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ilẹ̀ tí a gbá mọ́ kò fún iná ní oúnjẹ. Lóde òní, a fẹ́ òdòdó lábẹ́ fèrèsé. Òdòdó dára, ṣùgbọ́n kí ó kúrò lára ògiri, pàápàá èyí tí ewé abẹ́ rẹ̀ máa ń gbẹ.

Nínú ẹsẹ̀ bàtà 5 yìí ni èmi máa ń rí nǹkan tó ń bà mí lẹ́rù jù nígbà tí mo bá wọ àgbàlá ènìyàn: pákó tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n kọ́lé, tí a tò ti ògiri ẹ̀yìn torí kí òjò má pa á, àpò èédú, táyà àtijọ́, kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, sílíńdà gáàsì tó wà lábẹ́ fèrèsé kíṣìnnì pẹ̀lú páálí tí a fi bò ó. Pákó yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kó. Bí ẹ kò bá lò ó mọ́, ẹ fún ẹni tó ń sun búrẹ́dì tàbí àwọn tó ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́ yín níbẹ̀, wọn á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Kí epo kúrò lára ilé pátápátá. Kí ilẹ̀ yí ilé jẹnẹrétọ̀ ká jẹ́ yanrìn, torí jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀ ń tu ẹ̀ta iná láti ẹnu páìpù rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ọmọkùnrin kan gun àkàbà. Ìyá wa, ẹ má gun ún fúnra yín. Ẹ ní kó lọ sí kòtò tí ìhà méjì òrùlé ti pàdé, kó ki ọwọ́ bọ ibẹ̀, kó kó ohun tó bá rí sínú bókẹ́ẹ̀tì wá fún yín wò. Bí igi máńgòrò bá wà nítòsí, mo lè sọ ohun tí ẹ máa rí: ewé tó ti gbẹ gan-an, ìyẹ́ ẹyẹ, ìtẹ́ àwọn ẹyẹ kéékèèké, eruku ọyẹ́ tó ti dì mọ́ ọn. Ẹ fi àtàǹpàkò yín fọ́ ewé yẹn lórí àtẹ́lẹwọ́. Bí ó bá di lẹ́búlẹ́bú lójú ẹsẹ̀, ẹyín iná kan ṣoṣo tó fún un. Pánù kì í jó, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n igi ló gbé pánù dúró, kòtò yẹn sì súnmọ́ igi náà pẹ́kípẹ́kí. Kí ó gbá gbogbo rẹ̀ àti gọ́tà, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan lóṣù títí òjò á fi dé. Bí gọ́tà yín bá jẹ́ oníke, ẹ rántí pé òun náà lè yọ́ kó sì jó bí ewé inú rẹ̀ bá gbiná.

Kó tó sọ̀kalẹ̀, kó wo abẹ́ etí òrùlé. Ọ̀pọ̀ ilé tuntun ní Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú ni wọn kò tíì fi nǹkan dí etí òrùlé. Afẹ́fẹ́ ń wọlé sórí àjà tààrà, àwọn ẹyẹ àti òkété náà ń wọlé. Ibi tí ẹyẹ bá lè gbà, ẹyín iná á gbà á pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Iná orí àjà ló sì burú jù lọ, torí a kì í tètè rí i, omi kì í dé ibẹ̀. Ẹ dí i. Bí ó bá jẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa gbà, nẹ́ẹ̀tì onírin tí ojú rẹ̀ kò ju mílímítà 3 lọ ni kí ẹ kàn mọ́ ọn. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí a ń rà lọ́jà kò wúlò fún èyí. Yíyọ́ ló máa yọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ yìí torí pé kò ná yín lówó. Mo ti rí ẹni tó san owó fún katakata láti ro ilẹ̀ ẹ̀yìn, tí ewé gbígbẹ sì kún orí òrùlé rẹ̀.

Láti ẹsẹ̀ bàtà 5 títí dé 30 ni ibi tí igi àti koríko lè wà, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe so kọ́ ara wọn. Èyí ni ìdáhùn mi sí ìbéèrè yín àkọ́kọ́: rárá, ẹ má gé gbogbo igi yín. Igi tútù tí a tọ́jú máa ń gba ooru iná mú, ó sì máa ń dá àwọn ẹyín iná kan dúró kí wọ́n tó dé ara ilé. Ohun tó ṣe igi àgbọn yín ni imọ̀ gbígbẹ tó so rọ̀ yí ọrùn rẹ̀ ká, tí a kò gé. Àgbọn àti ọ̀pẹ tí a bá gé imọ̀ gbígbẹ wọn kúrò kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣeé jó. Èyí tí a bá fi sílẹ̀, ògùṣọ̀ tó dúró ni, á sì máa ju imọ̀ tó ń jó sí ibi tí afẹ́fẹ́ bá darí rẹ̀ sí. Ẹ pe àwọn tó ń gun ọ̀pẹ, kí wọ́n bá yín tún gbogbo rẹ̀ ṣe ní oṣù Kọkànlá. Máńgòrò àti àgbálùmọ̀, ẹ gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ wọn kí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 10 sí ilẹ̀, kí iná orí koríko má baà rí àkàbà gùn. Kí ẹ̀ka kankan má súnmọ́ òrùlé ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ. Igi kan ṣoṣo tí mo máa ní kí ẹ rò dáadáa ni igi gígùn tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní masquerade tí a máa ń gbìn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lẹ́bàá fẹ́ǹsì. Ewé gbígbẹ máa ń há sínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í rí i láti ìta. Bí ó bá wà lẹ́yìn fèrèsé yàrá, ẹ yọ ọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dára púpọ̀, bí ẹ bá ń bó ewé gbígbẹ ara rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù láti gbìn sí àyè yẹn ni kúkúǹdùnkún. Ó ń bo ilẹ̀, ewé rẹ̀ ń tutù bí a bá ń bomi rin ín, ẹ ó sì máa jẹ ẹ́.

Fẹ́ǹsì ńkọ́? Ó wúlò, mo dúpẹ́ pé ẹ ṣe é. Ó ń dí ahọ́n iná lọ́nà, ó sì ń gba ooru tí ì bá fọ́ gíláàsì fèrèsé yín. Ṣùgbọ́n kò dí ohun tó ń fò, ẹ̀sun tó ga ju ènìyàn lọ sì máa ń jó ju orí fẹ́ǹsì lọ. Nítorí náà ó jẹ́ olùrànlọ́wọ́, kò tó fúnra rẹ̀. Ẹ máa wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, níbi tí afẹ́fẹ́ máa ń kó ewé jọ sí.

Pulọ́ọ̀tì kan lọ́dọ̀ wa, ẹsẹ̀ bàtà 60 ní 120 ni. Bí ẹ bá kọ́ ilé sí àárín rẹ̀, ẹ rò ó wò: ẹsẹ̀ bàtà 30 láti ara ògiri ti ré kọjá fẹ́ǹsì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mítà 30 tí Cohen sọ sì ti wọ ilẹ̀ ẹlòmíràn pátápátá. Ìyẹn ni pé ìdajì ààbò ilé yín wà lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiyín. Ìbéèrè yín kẹta ló wá le jù, òun ni màá sì pẹ́ lé lórí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ra oògùn apakoríko ní oṣù Kọkànlá, wọ́n á fín in sí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á ní àwọn ti ṣe tiwọn. Koríko á kú, á sì dúró síbẹ̀ lórí ìdúró, ní gbígbẹ, títí ọyẹ́ á fi dé bá a. Koríko tútù ì bá tilẹ̀ sàn. Bí ẹ bá máa fín oògùn, ẹ fín in nígbà tí òjò ṣì wà, nígbà tí koríko ṣì kúrú, kí òkú rẹ̀ lè rà kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Bí ó bá ti ga, àdá ni kí ẹ lò, kí ẹ sì kó ohun tí ẹ gé kúrò. Gígé láì kó o kò yàtọ̀ púpọ̀ sí fífi í sílẹ̀. Ẹ má sì sun òkìtì rẹ̀ nínú ọyẹ́ láéláé. Ẹ gbẹ́ kòtò fún un kó jẹrà, tàbí kí ẹ san owó fún ẹni tó ń kó ìdọ̀tí. Ọ̀pọ̀ iná tí wọ́n ń sọ pé ó wá láti inú igbó, òkìtì pàǹtí onílé kan ló ti bẹ̀rẹ̀.

Lórí bí ọ̀nà tí ẹ máa là sáàárín koríko àti fẹ́ǹsì láti dá iná dúró ṣe yẹ kó fẹ̀ tó, ẹ wo gíga koríko. Kí fífẹ̀ rẹ̀ tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta gíga koríko náà. Bí ẹ̀sun bá ga ní mítà 2, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà náà fẹ̀ tó mítà 6, kí a sì ro ó títí ilẹ̀ pupa á fi hàn. Ẹ ṣe é ní òpin oṣù Kẹwàá sí oṣù Kọkànlá, kí ẹ tún un ro ní oṣù Kìn-ín-ní.

Ní ti ẹni tó ni ilẹ̀, ẹ kò nílò láti mọ̀ ọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀ àti ẹbí tó ta ilẹ̀ fún yín. Ẹni tó ta tiyín ló sábà máa ń mọ ẹni tó ra ti ẹ̀gbẹ́ yín. Ẹ gbé e lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, kí ó má jẹ́ ọ̀rọ̀ yín nìkan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé ìpàdé pé àdúgbò fẹ́ ro àyè tó fẹ̀ tó mítà báyìí lórí ilẹ̀ náà nítorí iná, pé kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ń gba ilẹ̀. Mo tẹnu mọ́ èyí gidigidi. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe rí ní Ẹ̀pẹ́ ní báyìí tí ilẹ̀ ti di góòlù. Ẹni tó bá dédé wọ ilẹ̀ onílẹ̀ pẹ̀lú àdá àti ọkọ́, ọjọ́ tí olówó rẹ̀ bá dé láti Èkó tàbí láti òkè òkun, ó lè di ẹjọ́. Ìwé pélébé kan pẹ̀lú ọwọ́ baálẹ̀ àti alága ẹgbẹ́ lórí rẹ̀ á gbà yín.

Bí ẹ bá wá rí onílẹ̀, ọ̀nà tó dára jù tí mo mọ̀ ni kí ó gbà kí ẹnì kan máa dá oko ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Tẹ̀tẹ̀, ewédú, gbúre, kúkúǹdùnkún: ilẹ̀ tí ènìyàn ń bomi rin kì í jó. Onílẹ̀ á jèrè pé ẹnikẹ́ni kò ní tà á lẹ́yìn rẹ̀, olóko á rí jẹ, ẹ̀yin náà á sùn. Kí àdéhùn náà sì wà nínú ìwé.

Ẹ bá àwọn tó ń dáná náà sọ̀rọ̀. A mọ̀ wọ́n. Olóko tó fẹ́ sun pápá kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, ọdẹ tó ń lé ọ̀yà jáde, ẹni tó ń fi ògùṣọ̀ gba oyin, àwọn tó ń sun èédú. Wọn kì í ṣe ọ̀tá. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń ṣe. Ẹ̀bẹ̀ la máa bẹ̀ wọ́n: kí wọ́n sọ fún àdúgbò ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dáná, kí ó má jẹ́ ọjọ́ tí ọyẹ́ ń fẹ́, kí ó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀, kí wọ́n lànà yí oko ká ṣáájú, kí ènìyàn má dá nìkan wà nídìí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ láti apá àríwá àti ìlà oòrùn ló ti ń wá, ṣùgbọ́n etí ọ̀sà ni Ẹ̀pẹ́ wà. Bó bá di ọ̀sán, atẹ́gùn láti ìhà òkun lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Iná tí wọ́n rí tó ń lọ sí ìsàlẹ̀ ní àárọ̀ lè kọjú sí ilé yín kí ó tó di ìrọ̀lẹ́. Olóko tó bá mọ èyí kì í sun oko ní ọ̀sán gangan.

Omi, ní ṣókí. Tánkì oníke tuntun tí ẹ máa rà, ẹ gbé e kúrò lẹ́bàá fẹ́ǹsì ẹ̀yìn, kí ẹ sì gbé e sókè, torí ní ọjọ́ iná, iná mànàmáná sábà máa ń lọ, ẹ̀rọ tó ń fa omi bọ́hólù á sì dákẹ́. Kí rọ́bà omi gùn dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé. Ẹ ní dúrọ́ọ̀mù omi kan àti bókẹ́ẹ̀tì méjì ní ẹ̀yìnkùlé látìgbà tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tí àwọn olóko ń gbé kọ́ ẹ̀yìn láti fín oògùn, tó ń gba lítà 16, wúlò gan-an fún pípa ẹyín iná. Ẹ ra ọ̀kan fún omi nìkan, kí ẹ má fi oògùn kankan sínú rẹ̀.

Bí ẹ bá wá rí èéfín, ẹ pe 767 tàbí 112 lójú ẹsẹ̀. Òfé ni. Ẹ má dúró kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó máa dé ọ̀dọ̀ yín. Àwọn panápaná nílò àkókò láti gba ojú ọ̀nà wa, nítorí náà ẹ sọ orúkọ àdúgbò, ilé ìjọsìn tàbí ilé ẹ̀kọ́ tó súnmọ́ yín, kí ẹ sì rán ẹnì kan lọ dúró ní títì láti júwe. Kí àwọn ọmọ kúrò nílé, kí ẹ̀yin náà bá wọn lọ, bí ojú bá ti ń ta yín tàbí mímí bá ti ń nira, pàápàá bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ikọ́ fée. Aṣọ òwú ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe ọ̀rá. Kí kọ́kọ́rọ́ irin ojú fèrèsé àti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà níbi tí ọmọ kékeré lè na ọwọ́ dé. Mo máa ń béèrè èyí ní gbogbo ilé tí mo bá wọ̀, ìdáhùn tí mo sì ń gbọ́ ń bà mí nínú jẹ́.

Bí àyè bá ṣì wà kí ẹ tó jáde: ẹ ti gbogbo fèrèsé, ẹ ká kọ́tìnnì kúrò lójú rẹ̀, ẹ pa iná mẹ́tà, ẹ ti orí sílíńdà gáàsì kí ẹ sì gbé e jìnnà. Ẹ fi gééètì sílẹ̀ láì fi kọ́kọ́rọ́ tì í, kí àwọn tó máa ran yín lọ́wọ́ lè wọlé. Àwọn tó bá ń lu iná, kí wọ́n máa lù ú láti ẹ̀gbẹ́, lórí ilẹ̀ tó ti jó tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má dúró níwájú rẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ tútù tàbí àpò tí a rì sínú omi ni kí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Gbígbé e sókè fìrìfìrì ń tan iná ká ni. Bí ẹnikẹ́ni bá dábàá pé kí a dá iná mìíràn láti pàdé èyí tó ń bọ̀, ẹ má gbà. Iṣẹ́ àwọn tó kọ́ ọ ni.

Bí iná bá ti kú tán, ẹ má tíì lọ sùn. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe nípa Lahaina, iná kan wà tí wọ́n ti pa ní àárọ̀, tí gbogbo ènìyàn gbà pé ó ti kú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, ó tún dìde láti inú ohun tó kù, òun sì ni iná tó jó ìlú náà. Lọ́dọ̀ tiwa, ìdí ọ̀pẹ, kùkùté igi àti àwọn àkùrọ̀ tó gbẹ ni iná máa ń sá pamọ́ sí. Ó lè wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Ẹ mú omi lọ síbẹ̀, ẹ tú ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́, ẹ na ẹ̀yìn ọwọ́ sí i láì fi kàn án kí ẹ mọ̀ bóyá ó ṣì gbóná, kí ẹ sì da omi sí i títí kò ní í rú èéfín mọ́. Kí ẹnì kan tún yọjú sórí àjà ilé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, di òru. Kí àwọn ará àdúgbò pín ìṣọ́ náà láàárín ara wọn, kí ó má jẹ́ ẹ̀yin àti àwọn ọmọ nìkan. Bí ẹ bá sì ti bá baálẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí pulọ́ọ̀tì méjì yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi kí n mọ ohun tí wọ́n wí. Mo lè bá yín kọ ìwé àdéhùn náà kí ọ̀wàrà òjò tó tán.